Òdòdó Tí Kò Sí Lára Pákẹ́ẹ̀tì

Omi inú ife náà ń fà.

Kì í ṣe àsọdùn o. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbé ìka sókè, omi sì tẹ̀ lé e bí itọ́ ìgbín. Ó tún un ṣe, omi tún tẹ̀ lé e. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó ti rí oríṣiríṣi, àmọ́ omi ẹ̀rọ lásán tí wọ́n ki òdòdó bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó wá di nǹkan tó ń fà kílẹ̀ tó mọ́, ìyẹn ò tíì ṣojú rẹ̀ rí. Òdòdó náà ṣì wà nínú ife: igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tòun tewé rẹ̀, òdòdó funfun tó pọ́n díẹ̀ létí, tó dorí kodò bí agogo. Ó rẹwà. Májèlé tó rẹwà náà kúkú pọ̀ láyé.

"Kí ló kù?" ó bi ara rẹ̀.

Ìbéèrè yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bí olè bá jẹ́wọ́ tán, tí gbogbo èèyàn ti ń wá fìlà wọn kí wọ́n máa relé, obìnrin yìí á jókòó pẹ̀sẹ̀, á ká ọwọ́ lé ikùn, á ní, "Kí ló kù?" Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Àǹtí Kí-Ló-Kù nìyẹn, òun náà sì ń dáhùn. Ó sanra, ó fẹ́ràn oúnjẹ, kì í sáré, kì í pariwo, kò sì sí ẹjọ́ tí kì í gbádùn.

Yàrá tó wà yìí, yàrá Màmá Oníbúrẹ́dì ni, opó tó ni ilé búrẹ́dì tó wà níwájú ilé. Láàárọ̀ àná ni Màmá jí, tó na ọwọ́ sí ife ẹ̀gbẹ́ ibùsùn láìwò ó, tó mu ún lẹ́ẹ̀kan, tó sì tu ú dànù. Ó dìde láti pe èèyàn, ó bá ṣubú lulẹ̀ gbì. Dókítà ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, ó tọ́jú rẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé lọ sinmi. Ohun tó fà á, dókítà ò lè sọ. Ṣùgbọ́n Àǹtí Àgbà, ọmọ Màmá obìnrin, lè sọ ọ́. Òun ló sì pe ọlọ́pàá.

"Ìyàwó àbúrò mi ni," ó wí, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé bí ẹni ń lé adìẹ. "Òun ló gbin òdòdó yẹn. Òun ló gé e. Òun ló gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Màmá. Ẹ wo pákẹ́ẹ̀tì irúgbìn tó rà, ẹ wò ó dáadáa!"

Kí-Ló-Kù gba pákẹ́ẹ̀tì náà. Àdàlù irúgbìn òdòdó ni, àwòrán gbogbo òdòdó tó wà nínú rẹ̀ wà lára rẹ̀ rèǹtè-rente. Agogo funfun yìí ò sí níbẹ̀.

"Ẹ rí i bí?" ni Àǹtí Àgbà wí. "Mo ti sọ ọ́: bí ọ̀rọ̀ yìí ò bá yé wa kí ilẹ̀ òní tó ṣú, kó padà sílé bàbá rẹ̀. Màmá fúnra wọn ò tíì fẹnu kan oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ láti àná."

Kí-Ló-Kù yọjú lójú fèrèsé. Ajá kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó jókòó, ó gbójú sókè, ó ń ju ìrù sí i bí ẹni tí wọ́n jọ ṣe àdéhùn. Ajá náà sanra débi pé ọrùn rẹ̀ ti sọnù.

* * *

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Bàbá arúgbó kan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè òdòdó lẹ́yìn ilé, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gún régé, ìwé ńlá kan wà lábíyá rẹ̀. Tíṣà Àgbà nìyẹn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Màmá. Òun ló kọ́kọ́ pe òdòdó náà ní májèlé.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ rẹ̀?"

Tíṣà dárúkọ kan tó gùn, tó dà bí ìgbà téèyàn bá ń sín. "Ó ń dá ọkàn èèyàn dúró, mà. Ẹ wo àwòrán rẹ̀. Agogo rèé, agogo rèé."

Lóòótọ́, agogo inú ìwé àti agogo orí ebè jọra bí ọmọ ìyá. Ọkàn Kí-Ló-Kù bàjẹ́ díẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ìyàwó náà jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó ní kí Tíṣà yá òun ní ìwé náà, ó sì fi ara balẹ̀ kà á, títí kan àwọn lẹ́tà wẹẹrẹ ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ebè náà ká.

Òdòdó àjèjì yìí pọ̀ níbẹ̀, ó fọ́n ká àárín àwọn yòókù láti ìkángun dé ìkángun. Kò sí ọ̀kan lẹ́bàá ògiri, kò sí ọ̀kan lójú ọ̀nà tàbí nídìí ẹ̀rọ omi. Bó bá ṣe pé ẹyẹ ló gbé e wá ni, tàbí atẹ́gùn, ṣé ẹyẹ mọ ààlà ni? Ọwọ́ tó fún àwọn tó kù ló fún òun náà, ní ọjọ́ kan náà. Ìyẹn ò gbe ìyàwó.

Ó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìrora orúnkún. Orí igi náà ṣì ń tanná, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ti so èso wẹẹrẹ tó ti ń gbẹ. Ó já ọ̀kan, ó fi èékánná là á. Irúgbìn pẹlẹbẹ kéékèèké tò sínú rẹ̀ ní ìlà-ìlà. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ti rí irúgbìn yìí rí. Níbo? Ó dà bí ojú ẹni téèyàn mọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ò wá sẹ́nu. Ó di díẹ̀ sínú áńkáṣíìfù, ó fi sápò.

"Ẹ̀yin máa ń wá síbí dáadáa, sà?" ó bi Tíṣà.

Tíṣà wú ikọ́. "Mo máa ń yà kí Màmá. Láàárọ̀. Àti nírọ̀lẹ́."

"Ó dára," ni Kí-Ló-Kù wí, ó rọra rẹ́rìn-ín.

Kó tó kúrò níbẹ̀ ó pe obìnrin tó ta irúgbìn lórí fóònù. "Àdàlù ni, mà," ni ohùn kan dáhùn, "àmọ́ àdàlù tó ní ìwà ni. Ohun tá a fi sínú rẹ̀ la yà síta." Ṣé òmíràn ò lè ṣèèṣì bọ́ sí i? "Ẹyọ kan lè ṣèèṣì, mà. Odidi ebè ńkọ́?"

* * *

Ìyàwó wà nílé ìdáná, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe rí ọlọ́pàá.

"Dìde, jókòó, ọmọ mi. Orúnkún rẹ kọ́ ni mo fẹ́ bi ní ìbéèrè."

Ọmọ náà jókòó, kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí o gbin òdòdó?"

"Nítorí Màmá ni, mà. Wọ́n ní ẹ̀yìn ilé rí bí orí tí wọ́n fá. Mo fẹ́ kí inú wọn dùn."

"O mọ òdòdó funfun yìí?"

"N ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó hù, mo rò pé èpò ni, ó ku díẹ̀ kí n fà á tu. Màmá ló ní kí n fi í sílẹ̀, pé ó wù wọ́n. Ìdí tí mo fi gé e sínú ife nìyẹn."

"Irúgbìn wo lo fún?"

"Èyí tó wà nínú pákẹ́ẹ̀tì, mà."

"Ìyẹn nìkan?"

Ọmọ náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà ti gbẹ. "Ìyẹn nìkan, mà."

Irọ́ nìyẹn. Kí-Ló-Kù mọ irọ́ bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ìbẹ̀rù ni, kì í ṣe ti ìkà, méjèèjì ò jọ ara wọn rárá. Ó fi í sílẹ̀ ná. Ó rí báàgì kan lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ti fa síìpù rẹ̀ dé òpin.

"Ta ló ni báàgì yẹn?"

"Èmi ni, mà. Àná ni mo gbé tíì lọ fún Màmá, wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ó ti tutù, wọn ò tọ́ ọ wò. Bí wọ́n bá bú mi, mà, mo lè fara dà á. Ṣùgbọ́n kí n máa gbé inú ilé kí ìyá ọkọ mi máa bẹ̀rù oúnjẹ ọwọ́ mi, mi ò lè gbé e. Mo fẹ́ràn wọn."

Ó wá bú sẹ́kún gidi. Ìyá tó bí ọmọ ni Kí-Ló-Kù. Ó jókòó tì í títí ẹkún náà fi rọlẹ̀, kò sì bi í ní nǹkan kan mọ́.

* * *

Nínú ilé búrẹ́dì, ọkọ ìyàwó ń yọ páànù búrẹ́dì jáde nínú ààrò. Ojú rẹ̀ wú, ó dájú pé kò sùn. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀. Ó bu búrẹ́dì gbígbóná kan fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

"Ṣé kì í ṣe rìbá nìyí?"

"Ẹ̀rí ni, mà. Ẹ̀rí pé mo mọ iṣẹ́ mi."

Kí-Ló-Kù gbé ẹ̀rí náà jẹ tọkàntọkàn. Ó ń jẹ, ó ń béèrè: ṣé ìyàwó àti Màmá ti jà rí? Rárá o. Ṣé ẹlòmíràn ń wọ ẹ̀yìn ilé? Àfi Tíṣà. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí nǹkan kan há sí i léyín. Ó fi ahọ́n tì í, kò lọ. Ó ṣẹ́ ìṣáná kan, ó yí ẹ̀yìn sọ́kùnrin náà gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí, ó yọ ọ́, ó gbé e sórí tábìlì.

Ó wò ó. Ó tún un wò. Ó fa áńkáṣíìfù yọ lápò, ó tú u.

"Yéè!"

Ọkọ ìyàwó sáré dé. Irúgbìn méjì ló wà lórí tábìlì, ọ̀kan láti inú èso ẹ̀yìn ilé, ọ̀kan láti inú eyín ọlọ́pàá. Àfi bí ìbejì.

"Kí ni ẹ̀yin ń pe nǹkan tẹ́ ẹ wọ́n sórí búrẹ́dì yìí?"

"Yànmọ̀tí ni, mà."

"Ṣé ẹ ti rí igi rẹ̀ rí?"

"Igi ẹ̀ kẹ̀? Inú àpò ló ti ń wá."

Kí-Ló-Kù gbé ọwọ́ lé orí, ó rẹ́rìn-ín títí tí ọrùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Ẹ ń yan án kẹ́ ẹ tó wọ́n ọn?"

"Rárá, láìyan la ń wọ́n ọn. Iná ààrò ló ń yan án."

"Ó ti yé mi. Èyí tí wọ́n bá ti yan kì í hù. Pe ìyàwó rẹ wá."

Ìyàwó dé, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n. Kí-Ló-Kù fà á mọ́ra. "Ọmọ mi, irúgbìn òdòdó kéré bí eruku, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé sì dúdú. Nígbà tí ò ń fún un, báwo lo ṣe mọ ibi tọ́wọ́ rẹ ti dé?"

Ọmọ náà wo ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ìyẹ̀fun ni, mà."

"Ẹ̀hẹ́n!"

"Ìyá mi ló kọ́ mi pé kí n máa pò ó mọ́ eérú, kí n lè rí ibi tó balẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n gáàsì ni ààrò ibí, kò léérú. Mo bá gbá ìyẹ̀fun tó dà sábẹ́ tábìlì yìí, mo pò ó mọ́ ọn. N ò mọ̀ pé nǹkan míràn wà nínú rẹ̀."

"Kí ló dé tí o purọ́ fún mi?"

"Òfin Màmá ni pé ìyẹ̀fun ò gbọdọ̀ jáde níbí lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó bá dà sílẹ̀ pàápàá, àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń tà á fún. Mo rò pé wọ́n á ní mo jalè."

"Ìwọ yìí," ni Kí-Ló-Kù wí, "wọ́n fẹ́ fi ẹ̀sùn májèlé kàn ọ́, ìyẹ̀fun lò ń bẹ̀rù!"

* * *

Gbogbo wọn pé sí pálọ̀: Màmá lórí àga tìmùtìmù, Àǹtí Àgbà lẹ́yìn rẹ̀, tọkọtaya búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà, Tíṣà àti ìwé rẹ̀.

"Ẹ ka ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn fún wa, sà," ni Kí-Ló-Kù wí.

Tíṣà wọ awò. "Òdòdó yìí… kì í sábà tanná ní ọdún tí wọ́n bá gbìn ín, àfi… àfi ọdún kejì." Ó dúró. Ó tún un kà sínú. "Bẹ́ẹ̀ ọdún yìí náà la gbin tiwa! Àṣé àwòrán nìkan ni mo wò." Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì bínú.

Kí-Ló-Kù wá tú áńkáṣíìfù. Ó jẹ́ kí kálukú fojú ara rẹ̀ rí irúgbìn méjèèjì. Ó ṣàlàyé bí yànmọ̀tí tó bọ́ sílẹ̀ ṣe wà nínú ìyẹ̀fun tí ìyàwó gbá. Ó já ewé tútù sínú ife omi, ó fi ìka rò ó títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà lójú gbogbo wọn. "Ewé yànmọ̀tí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀," ó wí, ó sì gbé ife náà mu tán. Àǹtí Àgbà ké, ó fọwọ́ bo ẹnu. Kí-Ló-Kù nu ètè rẹ̀. "Kò dùn. Ṣùgbọ́n mo ṣì wà láàyè. Ohun tẹ́ ẹ ń pè ní májèlé, ẹ̀yin lẹ ti ń jẹ ẹ́ lórí búrẹ́dì látìgbà tẹ́ ẹ ti léyín."

"Bí kì í bá ṣe májèlé," ni Àǹtí Àgbà bèèrè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀, "kí ló wá gbé Màmá ṣubú? Kò ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. Èèyàn kì í kàn ṣubú."

Òótọ́ ló sọ. Ìyàwó tún tẹrí ba. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn ìbéèrè yìí, ìfura náà á kù sílẹ̀ nínú ilé bí òórùn ẹja, báàgì yẹn á sì lọ.

"Màmá," ni Kí-Ló-Kù wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi àtẹ̀yin wọ yàrá."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sétí ibùsùn. "Màmá, ajá kan wà lábẹ́ fèrèsé yín. Ajá kì í dúró síbi tí wọn ò bá ti ń bọ́ ọ, èyí sì ti sanra jù. Òrùka yín ti ń yọ̀ lọ́wọ́, ẹ fi òwú wé e. Gáùn búlúù kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín yìí, tí ẹ ò lè wọ̀ bí ara yín ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo sì rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yín. Láti ìgbà wo lẹ ti ń ju oúnjẹ àárọ̀ sí ajá?"

Màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ojú ẹ mú o." Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí òrùka. "Tíṣà ní kí n bá òun lọ síbi àpèjọ àwọn olùkọ́ àtijọ́. Èmi, lọ́jọ́ ogbó mi! Mo fẹ́ kí gáùn yẹn lè wọ̀ mí. Mò ń gbé oògùn mì láìjẹun, ojú mi ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, mò ń pa á mọ́ra. Nígbà tí mo lajú tí wọ́n ń pariwo májèlé, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Tíṣà dúró níbi ẹsẹ̀ mi níbẹ̀. Ojú tì mí."

"Tíì tẹ́ ẹ kọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ńkọ́?"

"Ṣúgà ni mo ń sá fún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á tán fúnra rẹ̀ ni."

"Ó ti di báàgì rẹ̀, Màmá. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná."

Màmá gbójú sókè. "Báàgì wo?"

Àṣé kò mọ̀. Kí-Ló-Kù rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Màmá. Èmi ò ní fẹnu mi sọ ọ́ síta. Ẹnu yín ló tọ́ sí."

* * *

Màmá ò pẹ́ kó tó jáde. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ajá, gáùn, oògùn, láìfi ohunkóhun pamọ́, kò sì wo Tíṣà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìyàwó.

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́, kí ojú má bàa tì mí. Mo gbé ìtìjú mi rù ọ́. Má bínú, ọmọ mi."

Ìyàwó ti kúnlẹ̀. Àǹtí Àgbà lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fúnra rẹ̀ gbé báàgì náà, ó gbé e padà sí yàrá tọkọtaya.

Tíṣà ló wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. "Gáùn wo? Mo ti rí yín bẹ́ ẹ ṣe rí kí n tó bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ bá mi lọ."

"Ẹ dákẹ́ ná," ni Màmá wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ojú rẹ̀. Ó bọ́ sílé ìdáná, ó fa àpótí, ó jókòó sídìí tábìlì. "Ìyàwó mi, ebi ń pa mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń pa mí. Wá nǹkan fún mi jẹ."

Ìyàwó fọ́ ẹyin, èèpo kan bọ́ sínú rẹ̀, ó yọ ọ́. Ó dín in, ó gé búrẹ́dì, ó po tíì, ó gbé gbogbo rẹ̀ síwájú Màmá, ó sì dúró. Gbogbo ilé dúró. Màmá jẹ ẹ́, ó fi búrẹ́dì nu abọ́ títí ó fi mọ́ lau, ó mu tíì dé ìsàlẹ̀. Ó wá na abọ́ náà sí ìyàwó rẹ̀.

"Fi kún un," ó wí.